Òṣòdì àti orúkọ tí kò fẹ́ bọ́ lára rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1990, bí ẹbí bá fẹ́ rán ọmọ wọn láti ìlú òkè wá sí Èkó, ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún un ò pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí nínú mọ́tò, kó há nọ́ńbà ilé tó ń lọ sórí, àti pé tó bá ti dé Òṣòdì, kó di àpò rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Àwàdà kan wà nígbà náà tí gbogbo ará Èkó mọ̀: wọ́n ṣí fìlà lórí ọkùnrin kan ní Bọ̀láde, ní Òṣòdì níbẹ̀, kó tó rìn dé abẹ́ bíríìjì, ó ti rí fìlà náà níbi tí wọ́n ti ń tà á, ó ná an, ó rà á, ó tún dúpẹ́ pé wọ́n dín in kù fún òun.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Òṣòdì sílẹ̀ látòkèdélẹ̀, torí pé nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti gbìyànjú láti tún orúkọ ìlú ṣe ní Nàìjíríà, mi ò rí èyí tó hàn kedere tó o: bó ṣe bàjẹ́, ohun tó mú un pẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n wó, ohun tí wọ́n kọ́, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ já lé lórí. Èrò tèmi ni pé olè kọ́ ló kọ́kọ́ ba Òṣòdì jẹ́. Mọ́tò tí kò rí ọ̀nà kọjá ni.

Orúkọ èèyàn ńlá ni orúkọ náà. Òṣòdì Tápà, ọmọ ilẹ̀ Nupe tí wọ́n mú wá sí Èkó lọ́mọdé, dàgbà ní ààfin títí ó fi di balógun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ó bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ni wọ́n padà wálé, ibi tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ó kú ní 1868. Ìdílé olóyè ni ìdílé Òṣòdì di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lápá Ìkẹjà, níbi tí ọ̀nà púpọ̀ ti fẹnu kora. Ojú irin ló kọ́kọ́ dé, èyí tí wọ́n là láti Ìdó lọ sí Ìbàdàn láàárín 1896 sí 1901. Ọ̀nà Agége tẹ̀ lé e, ó sì ń bá irin rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, wọ́n la ọ̀nà ẹspirẹ́ẹ̀sì láti Àpápá wá síbẹ̀ kí ẹrù èbúté lè rí ọ̀nà jáde. Ní 1979, wọ́n ṣí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tuntun sí tòsí rẹ̀. Ẹni tó ń lọ Agége, tó ń lọ Múṣin, tó ń lọ Ìsọlọ̀, tó ń lọ Mile 2, tó ń lọ Ọ̀nà Ìkòròdú, Òṣòdì ni yóò ti sọ̀ tí yóò ti wọ mọ́tò míì. Àwọn tó la ọ̀nà náà ronú nípa mọ́tò tó ń sáré kọjá. Wọn ò ronú nípa èèyàn tó máa sọ̀ kalẹ̀, tí yóò fẹsẹ̀ rìn láti mọ́tò kan dé òmíràn, tí ebi yóò sì máa pa á lójú ọ̀nà.

Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti ń sọ̀, oníyán á dé. Bí oníyán bá jókòó, alásọ á jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ títì kún, ọjà bọ́ sórí títì; nígbà tí títì kún, ó bọ́ sórí irin.

Ẹni tó bá rí ọjà ojú irin yẹn rí kò lè gbàgbé. Àárín irin méjèèjì gan-an ni wọ́n ń tẹ́ ọjà sí: tòmátò nínú ike, òkìrìkà lórí tapólì, bàtà tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n tún kùn, káàsẹ́ẹ̀tì, ẹja yíyan. Bí fèrè reluwé bá dún láti apá Ṣógúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sáré. Ìyá ẹlẹ́ja á pa agbòòrùn dé, á fa àtẹ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, á fọwọ́ di ìró rẹ̀ mú. Reluwé á rọra gba àárín wọn kọjá, èèyàn á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn kan á jókòó sórí rẹ̀, á ku díẹ̀ kó fara kan agbòòrùn. Kí kọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn tó kọjá tán, àtẹ ti padà sórí irin, ẹni tó ń ná ẹja á sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó dá a dúró sí. Ọgbọ́n ni. Ìṣẹ́ náà sì ni.

Lórí títì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kò sí gáréèjì tó gba gbogbo mọ́tò tó ń pe èrò, nítorí náà àárín ọ̀nà ni dáńfó àti mọ́lúè ti ń pè é. Ọ̀nà tí mọ́tò mẹ́ta lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà á wá ku ti ẹyọ kan. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ á dé, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ jàgùdà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí mọ́tò tó dúró ni olè ń fẹ́. Wọ́n á na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé já ẹ̀gbà ọrùn, wọ́n á sì wọ inú èrò lọ bí ẹni pé ilẹ̀ gbé wọn mì. Àwọn kọ̀ńdọ́ fúnra wọn mọ̀ ọ́n. “Mọ̀mí, ẹ gbé báàgì yín síwájú o, Òṣòdì la dé yìí,” ni wọ́n máa ń wí, kí wọ́n tó tún fi ohùn rara kígbe “Òṣòdì Òkè! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”

Ti “wọ́n ṣanṣì” tún burú ju ti jàgùdà lọ: mọ́tò tí olè fi ara wọn ṣe èrò sínú rẹ̀, tí wọ́n á gbé ọ, tí wọ́n á sì gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé oògùn Òṣòdì ni. Kò sí oògùn níbẹ̀. Níbi tí mọ́tò kankan kò ti ní àyè tirẹ̀, tí kò sí ìwé, tí kò sí nọ́ńbà tí ẹnì kan ń kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní bọ́ọ̀sì lè dúró lálẹ́ kó máa pe Ìyànà Ìpájà. Báwo ni èrò ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti olè?

Àwọn tó ń jẹ nínú gósìlóò náà sì pọ̀. Àgbèrò ń gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ní gbogbo ìgbà tó bá kó èrò. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń já fún ọlọ́jà láràárọ̀. Ọmọ tó ń ta omi nílò mọ́tò tó dúró. Ṣé ẹ rí i, bí ojú ọ̀nà bá là, ọ̀pọ̀ èèyàn ni oúnjẹ wọn máa lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba ológun lé wọn títí, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti padà.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ wá kúrò lọ́wọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, tó ń dá rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO ti wà ní Òṣòdì láti 1956. Àwọn ló ṣiṣẹ́ lórí bí wọn yóò ṣe máa fi ẹ̀rọ ṣe gàrí, àwọn náà ló mú ògì tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà sí lára jáde fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ta ló ń rántí ìyẹn tí wọ́n bá dárúkọ Òṣòdì? Ní Máfolúkù, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ń gbé ilé wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé, àwọn kan nínú wọn á ní “apá Airport.”

Pápákọ̀ yẹn náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ìkìlọ̀ sí àwọn pápákọ̀ òfurufú wọn pé ààbò ti Èkó kò tó ohun tí àgbáyé ń béèrè, wọ́n sì dá ọkọ̀ òfurufú tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ tààrà dúró. Àlejò tó ti ka ìkìlọ̀ náà kó tó wọkọ̀, tó wá jáde ní pápákọ̀, tí Òṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó kọ́kọ́ rí, kí lẹ rò pé yóò sọ tó bá padà sílé? Ó di ìtàn Èkó, ìtàn Èkó di ìtàn Nàìjíríà. Ní 2010 pàápàá, nígbà tí nǹkan ti ń yí padà, fíìmù alápá mẹ́ta tí BBC ṣe nípa Èkó dálé àwọn tó ń gbé orí ààtàn, orí omi àti etíkun. Wọlé Ṣóyínká bínú sí i, àwọn aṣojú Nàìjíríà ní London náà fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí mo wò ó, inú mi dùn sí àwọn èèyàn inú rẹ̀, torí òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí ara fi ta Ṣóyínká.

Àjèjì kan sì wà tó yin Òṣòdì. Rem Koolhaas, ayàwòrán-ilé ọmọ Netherlands, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard wá ṣe ìwádìí ní Èkó ní òpin àwọn ọdún 1990. Ó kọ́kọ́ ń fi mọ́tò yípo, nígbà tó yá ó gun ẹlikópítà ààrẹ, ó sì wò ó láti òkè pé ohun tó jọ rúdurùdu yìí ní ètò tirẹ̀, pé àwọn èèyàn ti sọ títì tí wọn ò parí di ọjà àti ibi iṣẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé míì, bíi Matthew Gandy, dá a lóhùn pé ó gbàgbé ìjọba tó sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ètò wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n láti inú ẹlikópítà, kò sẹ́ni tó máa já àpò ẹni.

Babátúndé Fáṣọlá di gómìnà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Ìgbà yẹn ni “Èkó ò ní bàjẹ́ o” wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní 2008, bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mile 12 lọ sí CMS. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n kó katapílà, ọlọ́pàá àti àwọn KAI, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń lé àwọn tó ń tajà lójú títì, lọ sí Òṣòdì, wọ́n sì wó ìsọ̀, àtíbàbà àti gbogbo ohun tó wà lórí títì àti lábẹ́ bíríìjì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, èèyàn rí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n gbin koríko àti òdòdó. Ibi tó ń gba wákàtí tẹ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwòrán méjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn ará wa ní òkè òkun kò kọ́kọ́ gbà pé ibì kan náà ni.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ló ni ilé yẹn o. Ìyá tó ti ń tajà níbẹ̀ fún ogún ọdún, tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, wọ́n wá sọ fún un pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ibẹ̀ rárá. Lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí àárín títì. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n dúró lórí èrò mi nípa mọ́tò. Wọ́n ti kó ọlọ́jà kúrò, ṣùgbọ́n èrò ṣì ń sọ̀ ní Òṣòdì, dáńfó kò sì tíì ní ibi tí yóò ti pe èrò. Bí àwọn KAI bá ti ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, dáńfó á dúró. Bí dáńfó bá ti dúró, ẹni tó ń ta gúgúrú á yọjú. Ọjà ọ̀sán di ọjà alẹ́. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, àìsàn ṣì wà lára.

Akínwùnmí Àḿbọ̀dé tó gbapò ní 2015 mú ọ̀nà míì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba rẹ̀ wó ọjà Owónífàárí ní Òṣòdì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀daràn ń fara pamọ́ síbẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ ibùdókọ̀ ńlá. Àwọn ọlọ́jà ní àkíyèsí náà kúrú, àwọn kan figbe ta lórí ọjà tí wọn ò ráyè kó. Ìjọba ní kí wọ́n kọjá sí ọjà Ìsọpákódòwò ní Bọ̀láde.

Níbi tá a dé yìí, mo fẹ́ yà díẹ̀. Ẹ wo ohun tí orúkọ burúkú ń ṣe: ó ń sọ wíwó di ọ̀rọ̀ kékeré. Bí wọ́n bá ní wọ́n wó ọjà, èèyàn á bínú. Bí wọ́n bá ní wọ́n wó ibùba ọ̀daràn ní Òṣòdì, èèyàn á pàtẹ́wọ́. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2016 kan náà, gómìnà yìí kéde pé àwọn máa wó àdúgbò etí omi nítorí ajínigbé. Ara ibi tó kàn ni Ọ̀tọ́dò Gbàmẹ̀ ní apá Lẹ́kí, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn apẹja ń gbé. Wọ́n wó o ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún padà wá ní 2017. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn láìfún wọn ní ibòmíràn lòdì sí òfin. Mi ò gbọ́ pé Owónífàárí rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Mo rò pé orúkọ Òṣòdì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ wa kò fi béèrè.

Ibùdókọ̀ náà dìde. Ààrẹ Buhari ṣí i ní oṣù kẹrin ọdún 2019, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan kí Àḿbọ̀dé kúrò, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti fà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé mẹ́ta ni. Ọ̀kan fún mọ́tò tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ míì, méjì fún ti inú Èkó, afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì so wọ́n pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mọ́tò ní ilé ní Òṣòdì. Iná ń tàn lálẹ́, bọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà, èrò ń tò. Nígbà tí káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó bọ́ọ̀sì sì dé, èèyàn kò nílò kó yọ owó láàárín èrò mọ́. Ohun kékeré ni ìyẹn jọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń wọ àpò lọ yọ owó ni jàgùdà ti ń ṣọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ojú irin náà parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń sáré ju kí ẹnikẹ́ni pa agbòòrùn dé dè é. Red Line, reluwé inú ìlú ti ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Oyíǹgbò, Òṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́jọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Agége lọ sí Yaba báyìí lè gba Òṣòdì kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn ògiri ibùdókọ̀, dáńfó ṣì ń pe èrò lójú títì, torí ọ̀pọ̀ èrò kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn, dẹ́rẹ́bà kò sì fẹ́ tò. Lábẹ́ bíríìjì ní ìrọ̀lẹ́, àtẹ ṣì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń wá lé wọn, wọ́n ṣì ń padà. Àwọn ìyá tó ti lé ní ogójì ọdún ṣì ń fi báàgì há abíyá tí wọ́n bá sọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí ìjọba bá fẹ́ kí abẹ́ bíríìjì yẹn ṣófo láìsí kóńdó, ohun tó kù lójú tèmi ni ìsọ̀ kéékèèké lójú ọ̀nà tí èrò ń gbà gan-an, láti ibùdókọ̀ dé ibùdó reluwé, kó má jẹ́ lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Kí owó rẹ̀ lójúmọ́ má sì ju ohun tí àgbèrò ń gbà lọ.